Bí Mo Ṣe Gba Àwọ̀ Òkè-Ẹlú Padà Lọ́wọ́ Aṣàjọ

Ẹ sún wọlé, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ọ̀wààrà òjò má sọ yín di ẹja. Òjò yìí kò ní í dá kí oòrùn tó kọjá àtàrí, oko ò sì ní í sá lọ. Láníhún, ti igi sí iná yẹn fún mi. Ẹni tí ó ti lo ọdún méjìlélọ́gọ́rin láyé kì í bá òtútù ṣàwàdà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ mi ló rìn ín, ojú mi ló rí i, ẹ̀yìn mi sì ní àpá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì, kí ó wá ká aṣọ mi sókè wò ó. Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ́, ọmọ Ọdẹ́jàyí tí ó fi ọwọ́ òsì pa ẹfọ̀n. Àwọn ọdẹ mìíràn a máa tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ igbó kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ní tèmi, igbó ni ó ń tọrọ àforíjì pé òun dí mi lọ́nà!

Nígbà tí egungun mi ṣì le, ìlú aláró ni Òkè-Ẹlú wa yìí. Ewé ẹlú kún gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ìkòkò aró sì tò lọ láti ojúde ọba títí dé etí odò. Ìyàwó mi, Ẹfúntọ́lá, ni ó mọ iṣẹ́ náà jù. Ogún ọdún ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi ń mu aró. Láti orí ìka títí dé ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, ó dúdú bí ìyẹ́ agbe, ibi tí aró bá sì ti tán ni ara pupa rẹ̀ ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀ lórí òkè.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ ní orúkọ fún àwọ̀ gbogbo. Wọn kì í wí pé “pupa” kí wọ́n sì pa ẹnu dé. Pupa osùn wà, pupa iyùn wà, àlàárì wà. Aṣọ tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan péré, àyìnrín ni. Èyí tí a rì títí tí ó fi dà bí ẹ̀yìn ẹyẹ awó, ẹtù ni. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ ìkẹyìn, ahọ́n wa ya ọ̀lẹ. Pupa, dúdú, funfun: kò ju mẹ́ta lọ tí ó ṣẹ́ kù lẹ́nu wa. Èmi gan-an ni olórí ọ̀daràn. Bí Ẹfúntọ́lá bá tẹ́ aṣọ síwájú mi tí ó ní, “Baba Ọdẹ́wùmí, báwo lẹ ṣe rí àlàárì yìí?” n ó ní, “Pupa ni pupa ń jẹ́. Ṣé ó ṣe é jẹ ni?” Yóò bú mi títí, n ó sì rẹ́rìn-ín, n ó gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, ó di inú igbó. Nígbà tí ó yá, ó sú òun náà, ọdún gorí ọdún kò pe orúkọ wọ̀nyẹn mọ́.

Ẹni tí ó bá fi àárẹ̀ gbá ilé, inú ìdọ̀tí ni yóò sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, a jí, a bá gbogbo aró ìlú tí ó ti di omi lásán. Osùn funfun bí èlùbọ́. Àkùkọ gbé ogbe funfun lórí. Ata tí ó pọ́n lórí igi funfun bí eyín ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kò ta lẹ́nu mọ́. Ẹfúntọ́lá ké láti ẹ̀yìnkùlé, mo sáré débẹ̀, mo rí i tí ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tí ó gbé òkú ọmọ. Aró ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọ̀ ara pàápàá sì ti bá a lọ. Mo di ọwọ́ náà mú, ó tutù bí òkúta inú odò.

Ó ní, “Baba Ọdẹ́wùmí, n kò mọ̀ pé ẹ dì mí mú.”

Ní ọjọ́ kejì, funfun náà ti dé ìgbọ̀nwọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń gun apá lọ. Bí ó ṣe ń ṣe gbogbo àwọn aláró ìlú nìyẹn. Ọba pe gbogbo wa jọ. Ìyá Ṣiyanbọ́lá, olórí àwọn aláró, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣáájú kí wàhálà tó dé, ni ó tú ọ̀rọ̀ náà fún wa.

Ó ní, “Aṣàjọ ni. Ó ń gbé ní ìkángun igbó tí ẹ̀yin ọdẹ kì í dé. Ohun tí ó bọ́ lẹ́nu ènìyàn ni ó ń ṣà. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò bá pè fún ọdún méje gbáko, tirẹ̀ ni, bí orúkọ bá sì ti lọ, àwọ̀ rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Mo kìlọ̀ títí ó sú mi, ẹ ní arúgbó ń ṣarán. Nísinsìnyí, orúkọ wọ̀nyẹn kò sí lẹ́nu èmi náà mọ́. Ilé Aṣàjọ nìkan ni ahọ́n ti lè rí wọn mú. Ẹni tí ó bá lọ, Aṣàjọ yóò fi ohun mẹ́ta hàn án. Bí ó bá pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo rẹ̀ di tiwa padà. Bí ó bá pàdánù ẹyọ kan, yóò di àpótí ìjókòó fún Aṣàjọ.”

Jagùnnà, olóyè ogun wa, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi ìpàdé, dìde. Ó ní, “Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí á kó lọ. Ilẹ̀ pọ̀. Kí ni àwọ̀ jẹ́? Ẹni tí ó bá wà láàyè ni ó ń wọ aṣọ. Àwọn tí ó ti kan lápá... ẹ má bínú, a kò lè gbé gbogbo wọn.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀jẹ̀ mi hó! Mo dìde, mo ní, “Jagùnnà, ìyàwó mi ni o ń sọ pé a kò lè gbé yẹn. Ó dára, má gbé e. Èmi yóò lọ bá Aṣàjọ. Bí ó bá fẹ́ fi mí ṣe àpótí, kí ó mọ̀ pé àpótí ẹlẹ́gùn-ún ni òun ń jókòó lé!”

Nígbà tí mo fẹ́ lọ, Ẹfúntọ́lá kò sunkún. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ pupa aṣọ yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ìgalà ni ẹ fẹ́ lọ pe orúkọ àwọ̀? Ṣé ẹ ti ya wèrè ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó ní, “Ẹ tètè dé nígbà náà.”

Ìrìn náà gùn ju ohun tí ẹnu lè ròyìn lọ, nítorí náà n kò ní í ròyìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tí ó dínà mọ́ mi. Iwin kan ni, Kòmọ̀yàtọ̀ ni ó ń jẹ́. Iwájú rẹ̀ rí bí ẹ̀yìn rẹ̀, orí rẹ̀ rí bí orúnkún rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń lọ gbọnrangbọnran lójú kan bí ẹni tí ń yí ọlọ. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Níbí, ọ̀kan náà ni ohun gbogbo. Ìwọ àti òkúta, ọ̀kan náà ni yín. Òkúta kì í rìn. Dúró.” Kí n tó ṣẹ́jú, ẹsẹ̀ mi ti wúwo, ìka ẹsẹ̀ mi ti ń le gbagidi.

Ọdẹ mìíràn ì bá ti máa ké sí ìyá rẹ̀. Èmi rẹ́rìn-ín. Mo ní, “O káre, ọ̀gá mi. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan náà ni ohun gbogbo, ẹnu rẹ àti ìdí rẹ, ọ̀kan náà ni. Láti òní lọ, ìdí ni kí o máa fi jẹun.”

Ó bú ramúramù. “Ìwọ ń bú mi!”

Mo ní, “Kí ló dé tí inú fi bí ọ? Ṣé èébú àti oríkì kì í ṣe ọ̀kan náà?”

Bí ó ṣe bínú yẹn, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé ohun kan yàtọ̀ sí èkejì, ni agbára rẹ̀ bá já. Ẹsẹ̀ mi di ẹsẹ̀ padà, a sì wọ ìjàkadì. Èékánná rẹ̀ ni ó ya ẹ̀yìn mi láti èjìká dé ìbàdí, ẹ wò ó, ẹ má bẹ̀rù. Mo gbé e, mo dá a délẹ̀, ilẹ̀ mì tìtì. Mo bi í pé, “Ta ló wà lókè, ta ló wà nísàlẹ̀?” Ó ní, “Ìwọ lo wà lókè.” Mo ní, “O ti mọ ìyàtọ̀!” Mo fò ó dá, mo bá tèmi lọ.

Mo dé ìlú kan tí ó jẹ́ ti ẹyẹ. Ẹyẹ ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, gbogbo wọn ni ó sì funfun. Agbe funfun, odíderẹ́ funfun dé ìrù. Ẹni tí ẹkún rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ ni lékeléke. Mo ní, “Ìwọ tí funfun jẹ́ tìrẹ láti ilẹ̀, kí ni ó ń pa ọ́ lẹ́kún?” Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí gbogbo ayé bá funfun, ta ni yóò tún wo lékeléke?”

Wọ́n mú mi lọ síwájú ọba wọn, abo Àlùkò arúgbó kan tí ó jókòó lórí ìtì igi. Ẹ̀yin náà mọ àwọ̀ ẹyẹ àlùkò, àwọ̀ tí àwọn ọba fi ń ṣe aṣọ ìgúnwà. Kò sí kínńkín rẹ̀ lára rẹ̀ mọ́. Ó wò mí tìka-tẹ̀gbin.

Ó ní, “Ọdẹ́rìnlọ́, o ti pa ọmọ mi mẹ́ta.”

Gbogbo ẹyẹ yí mi ká. Mo rí i pé bí mo bá sọ̀rọ̀ àsọdùn níbẹ̀, ẹnu wọn ni yóò fà mí ya. Mo ní, “Òótọ́ ni, ìyá. Mo pa wọ́n, mo sì jẹ wọ́n. N kò ní í purọ́ nítorí pé mo ń wá ojúrere. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa wọ́n, mo mọ̀ pé àlùkò ni mo pa. Aṣàjọ fẹ́ kí ọmọ rẹ kú láìjẹ́ àlùkò. Èwo nínú àwa méjèèjì ni ọ̀tá rẹ jù?”

Ó ní, “Ẹnu rẹ gbóná, ṣùgbọ́n kò dọ̀tí. Fi ìbọn rẹ sílẹ̀ fún mi.”

Ẹ̀yin ọdẹ tí ó wà níbí, ẹ mọ ohun tí ó béèrè. Ìbọn bàbá mi ni. Mo gbé e lélẹ̀ síwájú rẹ̀, ọwọ́ mi sì fúyẹ́ bí ọwọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìyẹ́ bò ó. Ó ní, “Gbọ́ o. Aṣàjọ kì í purọ́, kì í sì í rú òfin tirẹ̀. Òfin yẹn ni ọ̀pá tí ó fi ń ti ara. Bí o bá rí ibi gbà á mú, gbà á mú, má sì jẹ́ kí ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ tàn ọ́.”

Ilé Aṣàjọ kò ní ìlẹ̀kùn. Igbá ni wọ́n tò láti ilẹ̀ dé àjà, igbá pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, gbogbo wọn sì ń kùn bí ilé oyin. Orúkọ ni ó wà nínú wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ráhùn. Aṣàjọ fúnra rẹ̀ jókòó láàárín wọn, bàbá arúgbó onírẹ̀lẹ̀ kan, ẹnu rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, etí rẹ̀ méjèèjì sì wọ́ dé ilẹ̀. Àpótí tí ó jókòó lé ní ojú, ojú náà sì ń ṣẹ́jú sí mi.

Ó ní, “Káàbọ̀, ọmọ Ọdẹ́jàyí. Ó rẹ̀ ọ́. Padà sílé, bá ìyàwó rẹ jókòó títí yóò fi tán. N kò jalè o. Ohun tí ẹ sọ nù ni mo ṣà.”

Mo ní, “Bàbá, ẹni tí ó bá rí ẹrù onílé tí kò dá a padà, kí ni wọ́n ń pè é ní ìlú yín? Mú ohun mẹ́ta rẹ jáde.”

Ó fa aṣọ kan yọ. Ó pupa, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo rí pupa. Mo wò ó, orí mi ṣófo. Pupa... pupa kí ni? Mo ronú kan Ẹfúntọ́lá, ohun tí ó sì kọ́kọ́ wá sí mi létí ni èébú rẹ̀. Ẹ gbọ́, ọkùnrin lè gbàgbé oríkì ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èébú ìyàwó kì í kúrò létí! Mo gbọ́ ọ kedere: “Baba Ọdẹ́wùmí, ẹ̀yin olójú àgbàdo sísun, mo ní àlàárì! Àlàárì! Ṣé kí n gún ata sí yín lójú ni?”

Mo ké pé, “Àlàárì!” Igbá kan fọ́ lókè, orúkọ náà fò jáde, ó bà lé mi léjìká.

Aṣàjọ na ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fa ìkejì yọ, aṣọ tí ó dà bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Èyí rọrùn. Ní ọdún tí a bí Ọdẹ́wùmí, mo jókòó lé irú aṣọ náà nígbà tí ó ṣì tutù. Ìyá Ọdẹ́wùmí fà á yọ lábẹ́ mi, ó fi gbá mi lójú: “Àyìnrín tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe!” Mo tún ké, igbá kejì tún fọ́.

Ni Aṣàjọ bá rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, òkúta kékeré kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò rí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dúdú, kò dúdú. Ó pupa nísàlẹ̀, èéfín aró sì bò ó lókè. Ó ní, “Èyí ni mo kọ́kọ́ ṣà ní Òkè-Ẹlú. Bàbá bàbá rẹ kò tíì gbọ́n nígbà náà. Ìyá Ṣiyanbọ́lá kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó wà láàyè tí ó mọ̀ ọ́n. Kí ni orúkọ rẹ̀?”

Mo wá inú èébú gbogbo, kò sí níbẹ̀. Òtútù bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo wolẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti funfun dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní í tàn yín jẹ. Mo rò ó pé ní àkókò yẹn, funfun yóò ti dé ọrùn Ẹfúntọ́lá. Mo tún wo òkúta náà, kì í ṣe ìbẹ̀rù ni mo fi wò ó mọ́, ìbínú ni. Mo sì mọ ibi tí mo ti rí i.

Mo ní, “Ìpẹ̀kun-aró ni.”

Ó ní, “Kí lo wí?”

“Ìpẹ̀kun-aró! Ibi tí aró ti tán tí ara ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi rí i láràárọ̀, n kò fún un ní orúkọ. Mo fún un lónìí.”

Aṣàjọ dìde fún ìgbà àkọ́kọ́. “Irọ́ ni! Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn!”

Mo ní, “Kí wá ni orúkọ rẹ̀? Pè é kí n gbọ́.”

Ó mọ ohun tí mo ṣe. Bí ó bá pe orúkọ àtijọ́ náà, a ti pè é lónìí nìyẹn, kò tún lè jẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá sì pè é, báwo ni yóò ṣe fi hàn pé mo ṣì í?

Mo sún mọ́ ọn. Mo ní, “Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ? Ènìyàn bíi tèmi ni. Ẹni tí ó bímọ ni ó ń sọ ọmọ lórúkọ, bí ọmọ bá sì nù, àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó ń pè é wálé. Ìpẹ̀kun-aró! Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìpẹ̀kun-aró! Ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó kù sí ọ lọ́wọ́, Aṣàjọ. Pe tìrẹ!”

Kò lè pè é. Òkúta náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Igbá gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ láti òkè dé ilẹ̀, orúkọ ń fò jáde bí oyin tí a ti èéfín sí. Àpótí rẹ̀ na ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó di ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ìgbà láéláé, ó sì sá jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Aṣàjọ jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Ó sọ jẹ́jẹ́ pé, “Kò burú. Mo mọ̀ yín. Yóò tún rẹ̀ yín. Mo lè dúró.”

Mo ní, “Máa dúró. Ìdúró ò ní ká má rìn. Ṣùgbọ́n wá nǹkan jókòó lé.”

Orúkọ bò mí lórí bí òjìji nígbà tí mo ń padà bọ̀. Ní ìlú ẹyẹ, ara Àlùkò arúgbó gbiná lójú mi, ó di àwọ̀ ọba. Ó gbé ìbọn mi fún mi. Kòmọ̀yàtọ̀ rí mi lókèèrè, ó bọ́ sẹ́yìn igi.

Ní ẹnubodè wa, mo bá Jagùnnà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí. Ó ń wo igi ata kan tí ó ń pọ́n lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. N kò kí i. Mo sáré wọlé. Ẹfúntọ́lá wà lórí ẹní, ó funfun dé àgbọ̀n, mímí rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. Mo kúnlẹ̀, èmi Ọdẹ́rìnlọ́ tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹfọ̀n, mo fi ẹnu sí i létí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Osùn. Iyùn. Àlàárì. Àyìnrín. Ẹtù. Bí mo ṣe ń pè ni ẹ̀jẹ̀ ń padà sí i lọ́rùn, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká. Nígbà tí mo pe ìpẹ̀kun-aró, ọwọ́ rẹ̀ gbá mi mú, ó sì gbóná.

Ó la ojú. Ó ní, “Èyí tí ẹ pè kẹ́yìn yẹn, n kò gbọ́ ọ rí.”

Mo sọ ibi tí mo ti rí i fún un. Ó wo apá rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí Aṣàjọ wí fún un, pé òun lè dúró.

Ẹfúntọ́lá dìde. Ó fi ọjọ́ méje po aró kan tí ẹnikẹ́ni kò pò rí, ẹlú àti osùn pọ̀ mọ́ omi eérú, títí ó fi rí bí òkúta yẹn gẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó gbé ìkòkò náà rù lójú ọ̀sán gangan, gbogbo ìlú tẹ̀ lé e dé ibi tí oko wa ti parí tí igbó bẹ̀rẹ̀. Igi àràbà ńlá kan wà níbẹ̀. Ẹfúntọ́lá da gbogbo aró náà sí i lára, láti ìbàdí igi náà dé gbòǹgbò. Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó sì kọjú sínú igbó.

Ó ní, “Aṣàjọ! Ìpẹ̀kun-aró nìyí! Ibi tí tìrẹ parí sí nìyí. Àwa kò kó lọ. Wá ṣà á, bí ọwọ́ rẹ bá tó o!”

Igbó dákẹ́. Ẹyẹ kan kò ké, ewé kan kò mì. A dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jáde wá.